Ìbọ̀sẹ̀ Funfun fún Ọjọ́ Kọ̀ǹpútà

Ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Fàósátù jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dí ihò tó wà níbi àtàǹpàkò ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Taoheed, ọkọ rẹ̀, dúró lé e lórí bí ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọmọṣẹ́.

"Fara balẹ̀ ṣe é o," ni Taoheed wí. "Wọn ò gbọdọ̀ rí ojú ibi tó ti lu. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lọ wò, kì í ṣe pé wọ́n ń lọ sí ọjà Ọjúwòyè."

"Kọ̀ǹpútà wá lójú tó fi ń wo ẹsẹ̀ ọmọ ni, Bàbá Basheerah?"

"Ilé-ìwé ló kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ funfun, kò gbọdọ̀ lu, kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

Fàósátù fi eyín já òwú. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, Basheerah ì bá ṣì máa jókòó tì í nílé títí ọjọ́ orí rẹ̀ á fi tó ti ilé-ìwé ìjọba, tó wà lójú títì, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Taoheed ló yarí. Iṣẹ́ lílu ara mọ́tò ló ń ṣe ní Ládípọ̀, òòlù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń lu nǹkan," ló máa ń wí. "Ọmọ tèmi ò ní lu nǹkan kan. Ọmọ tèmi á kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni." Á wá na ìka ìfábẹ̀là sókè, á fi tẹ afẹ́fẹ́, kí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù lè rí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ṣe rí fún ẹni tí kò bá gbé Mushin lọ́dún 1996. Gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi ló ti di ilé kọ̀ǹpútà nígbà náà. Èyí tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé wọ̀, ó ya kọ̀ǹpútà sára ògiri. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ó ya kọ̀ǹpútà sára ògiri. Iná ìjọba kì í dúró tó wákàtí méjì lójúmọ́, ṣùgbọ́n owó kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé iná lọ, gbogbo táàmù ni wọ́n ń gbà á. Ti ilé-ìwé Basheerah tiẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà tiwọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni, nínú yàrá ọ̀tọ̀ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Kiláàsì kọ̀ọ̀kan máa ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọ á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí eruku má baà wọlé. Wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á ká ẹsẹ̀ kò, wọ́n á pa ẹnu mọ́. Àǹtí wọn á wá rọra ká aṣọ léèsì tí wọ́n fi bò ó sókè, bí ẹni tó ń ṣí ojú ìyàwó. Gbogbo wọn á ké e pọ̀ lédè Òyìnbó pé kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tó ń rò ó, tó sì ń dá èsì padà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tún bò ó. Ọmọ tí kò tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ìyẹn o, wọ́n sì ń gbowó lé e.

Òní ló kan kiláàsì Basheerah fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ náà ti wọ aṣọ ilé-ìwé láti agogo mẹ́fà. Ó jẹ ògì àti àkàrà rẹ̀ ní ìdúró, ó fi ọrùn síwájú kí ó má baà ro sára. Nígbà tó jẹun tán, ó rìn wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wo àgbá kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà tó ń yí abẹ́rẹ́, ó wá na ọwọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan.

Fàósátù gbá ọwọ́ náà dànù. "Ìgbà mélòó ni mo máa sọ ọ́? Kí ló dé tí ọwọ́ yìí ò lè jókòó jẹ́ẹ́? Ọwọ́ yìí, àfi kó ṣáà ba nǹkan jẹ́."

Basheerah kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì ti yíjú sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Màmá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n á bá wa láyọ̀."

"Ṣé ẹ máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn?"

Taoheed wá ohun tó ń wá nínú àpò rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Láti ọdún tó kọjá tó ti ń jókòó ti àwọn Àfáà kan ní Ìdí-Orò, kò dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn mọ́. Ó ní Ọlọ́run nìkan ni òun ń dojú bolẹ̀ fún. Nígbà Iléyá, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ìyá náà kò sì fẹnu kan ẹran tí wọ́n gbé fún un.

"Mo máa bẹ̀rẹ̀ kí wọn," ni Taoheed wí.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ náà. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹran ẹ̀ tán."

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn. Taoheed mú ọmọ lọ sílé-ìwé, ó gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, Fàósátù sì kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ó ti tó agogo méjì ọ̀sán nígbà tí Ìyá Ṣùbòmí wọlé bí ìjì. Yàrá tó kọjú sí tiwọn lòun ń gbé, irun ló ń dì fún oníbàárà lábẹ́ igi ìta, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní kiláàsì kan náà pẹ̀lú Basheerah. Ó fa Ṣùbòmí lọ́wọ́. Ọmọ náà tutù láti iwájú orí dé ìbọ̀sẹ̀.

"Ìyá Basheerah, ẹ bá mi wo nǹkan. Ẹ bá mi wo ọmọ tí mo fi ọṣẹ wẹ̀ láàárọ̀."

"Òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

"Òjò kẹ̀? Àlùwàlá ni. Ọmọ yín ṣe àlùwàlá fún ọmọ mi. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń múra ẹ̀ sílẹ̀ láti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú." Ó rọra jókòó. Ohùn rẹ̀ wá lọlẹ̀. "Ìyẹn tiẹ̀ kọ́ ni mo bá wá. Wọ́n ní Basheerah ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Màdáàmù ní kí ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ máa bọ̀ kíá."

Fàósátù rántí ọwọ́ tó gbá dànù láàárọ̀, ó sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé, mo sọ ọ́, mo sọ ọ́. Ó sáré lọ dúró de Taoheed lẹ́nu mọ́ṣáláṣí tó ti lọ kírun Jímọ̀, ó sì bá a bó ṣe ń jáde nínú jàlámíà funfun, tí àlàáfíà hàn lójú ẹ̀. Kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ fún un. Àlàáfíà náà lọ. Ìyá Ṣùbòmí náà tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun fẹ́ fi ẹjọ́ òun sùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn ẹ̀ fóun ni.

Inú yàrá kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n gbà wọ́n sí, lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ bàtà. Mìsìs Ethel Ìbíkúnlé, Màdáàmù tó ni ilé-ìwé náà, jókòó lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ léèsì rẹ̀ kúrò, omi ṣì ń dán lórí àwọn bọ́tìnnì. Aṣọ tábìlì náà gùn, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀ yíká. Àǹtí Christianah, tíṣà kiláàsì náà, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, dúró sẹ́bàá ògiri. Basheerah dúró ní kọ̀rọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mísìtà Fàsásì, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ṣe," ni Màdáàmù wí fún Taoheed. "Àǹtí, ròyìn fún wọn."

Àǹtí Christianah ròyìn. Ó ní òun ní kí àwọn ọmọ bọ́ bàtà, òun sì padà lọ mú ọ̀pá tí òun fi ń tọ́ka. Kí òun tó dé, Basheerah ti kó gbogbo wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ti tò wọ́n sórí ìlà, ó ti fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń fi omi yọ ẹnu, bí wọ́n ṣe ń fi omi pa orí, títí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí òun máa fi wọlé, àwọn mẹ́rìndínlógún ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ń kán tótó, Basheerah wà níwájú, ó forí kanlẹ̀. Àwọn kan ń fọwọ́ tutù tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà.

Fàósátù wo ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Jímọ̀ ni," ni Basheerah wí. "Wọ́n ní ká bọ́ bàtà. Wọ́n ní ká jókòó sílẹ̀, ká má sọ̀rọ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun bo nǹkan. Mo rò pé a fẹ́ kírun ni. Ṣùbòmí ò mọ àlùwàlá ṣe, mo wá ràn án lọ́wọ́."

Ìyá Ṣùbòmí fọwọ́ bo ẹnu. Bóyá inú ń bí i ni o, bóyá ẹ̀rín ni, èmi ò ní sọ. Taoheed wo òkè àjà. Fún ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ dùn gan-an sí Àfáà tó ń kọ́ ọmọ náà ní kéwú, ó wá rántí ibi tó wà.

"Màmá," ni Basheerah tún wí, "nígbà tí mo forí kanlẹ̀, mo rí i pé okùn ẹ̀ ò ní..."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Fàósátù wí.

Màdáàmù gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Omi ti wọ inú ẹ̀. Ó ti bàjẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà la rà á. Tí owó náà ò bá dé, kí ọmọ yìí máa jókòó nílé láti Mọ́ńdè. Mà á sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ó ń ba nǹkan jẹ́, kí ilé-ìwé mìíràn tó bá fẹ́ gbà á lè mọ̀."

Taoheed ò lè rí ogójì ẹgbẹ̀rún kó jọ lọ́dún kan, ká ní kò tilẹ̀ jẹun. Fàósátù ń wo ọmọ náà ní kọ̀rọ̀, ó ń rò ó bí ìwé burúkú yẹn á ṣe máa tẹ̀ lé e láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó fẹ́ kúnlẹ̀.

Taoheed ṣáájú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ká jàlámíà funfun náà sókè díẹ̀, ó wá nà gbalaja sílẹ̀ níwájú obìnrin náà, àyà kan kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kápẹ́ẹ̀tì tó tutù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí. "Ẹ fi ojú àánú wò ó. Ọmọdé ni."

Fàósátù wò ó nílẹ̀. Ọkùnrin tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá òun. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ yìí bá òun jà fún odidi ọdún kan, òun ló nà sílẹ̀ yìí nítorí Basheerah. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ìfẹ́ ọkùnrin náà sì gbà á lọ́kàn lọ́nà tí kò rò pé ó tún lè gbà á mọ́.

"Ó tó, ẹ dìde," ni Màdáàmù wí.

Taoheed ò dìde.

"Mo ní kí ẹ dìde, Mísìtà Fàsásì."

Síbẹ̀ kò dìde. Gbogbo wọn rò pé ẹ̀bẹ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára ni. Fàósátù tiẹ̀ ti ń bẹ̀rù pé bóyá nǹkan ti ṣe é. Wọ́n wá rí ọwọ́ rẹ̀ kan tó nà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó fi ìka méjì gbé etí aṣọ tábìlì sókè.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí láti ilẹ̀. "Wáyà yìí ò ní púlọ́ọ̀gì."

"Mo ti sọ ọ́," ni Basheerah wí ní kọ̀rọ̀.

Màdáàmù tún gèlè rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ gèlè náà ò yẹ̀. "A yọ ọ́ ni. Nítorí ààbò àwọn ọmọ. Iná lè gbé wọn."

"Ẹ kú ìrònú, mà," ni Taoheed wí. Kò gbéra nílẹ̀ o, orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo ìbéèrè náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa gbé púlọ́ọ̀gì náà wá. Mà á fi sí i. Ká jọ wò ó bóyá ó ti bàjẹ́ lóòótọ́."

"Kò sí iná."

"Iná ò sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni Ìyá Ṣùbòmí wí. "Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, mà? Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ ni?"

Màdáàmù kọjú sí tíṣà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó gba òun sílẹ̀. Àǹtí Christianah ń wo ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Mà, púlọ́ọ̀gì náà wà lára fíríìjì. Èyí tí ẹ fi ń ta mínírà. Láti ìgbà Kérésì ni. Èmi lẹ rán pé kí n lọ pe ẹni tó bá yín gé e."

Oṣù Èbìbí, oṣù karùn-ún ọdún, la wà. Ìyá Ṣùbòmí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó kà á dé ibi tó ń kà á dé, ó tún padà bẹ̀rẹ̀.

"Nítorí náà, owó kọ̀ǹpútà tí mo ń san," ló wí, "òun ni ọmọ mi fi ń mu mínírà tútù tí mo tún ń sanwó ẹ̀."

Màdáàmù ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó ní kí ọmọ máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, òun ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ò ní kọ nǹkan kan sínú ìwé kankan. Ó ní kí wọ́n ṣáà kìlọ̀ fún un. Kò tọrọ àforíjì, wọn ò sì béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Àǹtí Christianah ló sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà fún Basheerah fúnra rẹ̀.

Wọ́n rìn títí dé ìdí ilé epo kí Taoheed tó sọ̀rọ̀. Àyà jàlámíà rẹ̀ ti di aláwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì.

"Tí màmá ẹ bá dé lọ́jọ́ Àìkú," ló wí, "mà á dọ̀bálẹ̀ kí wọn."

"Ẹ ṣé o."

"Èèyàn máa ń rí nǹkan nílẹ̀."

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Fàósátù lè rìn. Ìyá Ṣùbòmí tó wà lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín débi pé ó ní kí wọ́n bá òun di ọmọ òun mú. Kí wọ́n tó délé, ó ti sọ ọ́ fún alájàpá kan, fún ẹni tó ń ta èlùbọ́, àti fún oníbàárà tó fi irun rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹjọ́ àlùwàlá ò sì wọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Fàósátù bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó da gààrì sí i, ó gbé e síwájú Basheerah. Ọmọ náà jókòó tì í, ó la ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Fọwọ́ ẹ jẹun."

Basheerah mi orí. Ó tún la ẹnu.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Ó ń ba nǹkan jẹ́."

Gbogbo ohun tó yẹ kí Fàósátù sọ fún Màdáàmù lọ́sàn-án, tí kò sọ, ló rọ́ wá sẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Irọ́ ni. Obìnrin onífíríìjì yẹn ò mọ nǹkan kan. Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Rárá," ni Basheerah wí. "Ẹ̀yin ni. Láàárọ̀."

Taoheed gbé ojú sókè láti ibi tó ti ń jẹun, ó sì tún gbé e wálẹ̀. Fàósátù ṣí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà, ó tún dé e, ó wá gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dìde, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó mú ègé aṣọ tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ oníbàárà, ó fi sábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Máa bọ̀ níbí."

Ọmọ náà wá, ó dúró jìnnà díẹ̀. Fàósátù fà á mọ́ra, ó fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lẹ́yìn, ó tẹ́ ẹ sórí àgbá tó tutù náà, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

"Yí i."

Basheerah wò ó lójú, ó wo bàbá rẹ̀, ó yí i. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ojú rírán kan hàn lórí aṣọ. Ó tún yí i. Iná ò sí ní gbogbo àdúgbò, ó sì ń rán aṣọ.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá."

"Ó ń ṣiṣẹ́. Máa yí i lọ."

Ó yí i títí aṣọ náà fi tán. Fàósátù wá tún fi òmíràn sí i.